Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ FUTA, mi ò mọ ẹnì kankan: ẹgbẹ́ wo ni kí n wọ̀, èwo ni kí n sá fún?

Jámbáìtì_Aule

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kìíní ni mo wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, mi ò sì ní ẹbí kankan ní Àkúrẹ́. Aule ni mo gba yàrá sí torí pé mi ò rí ààyè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá ti jáde ní kíláàsì, ilé ni mo ń gbà lọ tààrà. Màá se oúnjẹ, màá jẹ ẹ́, màá kàwé, màá sùn. A pọ̀ ní kíláàsì débi pé ẹni tó jókòó tì mí lónìí, mo lè má rí i mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Mo ń rí ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kiri: ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ oníròyìn, Red Cross, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé ìwé ni mo wá kà, kí n má bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Mi ò fẹ́ ṣàìgbọràn sí wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè ti ń wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n_Ọdún_Karùn-ún

Àbúrò, káàbọ̀ sí Àkúrẹ́. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí, má gbàgbé eléyìí: bí o bá dé ìpàdé ẹgbẹ́ èyíkéyìí, bèèrè iṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé, tó jókòó sẹ́yìn, tó sì jáde nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ìparí, ọdún lè yípo kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró bá wọn kó àga, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa bi í pé, "Kí ni orúkọ ẹ? Níbo lò ń gbé?"

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún ọ. Nínú ẹgbẹ́ ìjọ tí mo wà, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ibi ìjókòó ni mo kọ́kọ́ wọ̀. A máa ń dé ṣáájú gbogbo èèyàn. Àga oníke la máa ń kó, tí wọ́n tò léra wọn gíga tó bẹ́ẹ̀ tí àwa méjì fi máa ń gbé e pọ̀. A ó fi àkísà tútù nu eruku ara wọn, a ó tò wọ́n ní ìlà, a ó fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín kí ẹni tó bá pẹ́ dé lè rọra wọlé láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnì kan á máa fa wáyà, ẹnì kan á máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan á máa wo bóyá makirofóònù ń fọhùn. Ẹnu iṣẹ́ yẹn lo ti máa gbọ́ pé ara ẹnì kan ò yá, pé ẹnì kan ò tíì rí owó ilé san, pé ẹnì kan mọ ìṣirò dáadáa, ó sì ṣe tán láti kọ́ àwọn yòókù ní ọ̀sán Sátidé. Bí a bá ṣe tán, a ó jọ rìn dé South Gate, a ó jọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìpàdé ọ̀rẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo àwọn tí mo lè pè lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi.

Má sì fi í falẹ̀. Ní ọdún kẹrin, IT olóṣù mẹ́fà, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán wa lọ kọ́ níta ilé-ìwé, máa tú wa ká, oníkálukú á gba ìlú tó ti ríṣẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa padà dé, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ti ń dúró dè yín, ara kì í sì í rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ni ọ̀rẹ́ fi ń fìdí múlẹ̀.

Ìyá_Ìjàpọ̀

Ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ nínú ohun tí o kọ yìí, torí pé ohun tí èmi náà sọ fún tèmi nìyẹn. Nígbà tí òbí bá ní "má bá ẹgbẹ́ ṣe", ẹgbẹ́ burúkú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sọ pé kí o wà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Pè wọ́n lórí fóònù kí o tó wọ ohunkóhun. Sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà fún wọn, ibi tí ẹ ti ń pàdé, ọjọ́ tí ẹ ń pàdé àti aago tí ẹ ń parí. Bí ó bá ṣeé ṣe, jẹ́ kí wọ́n bá ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù mi lọ sílẹ̀ gan-an, torí ohun tó ń jẹ́ kí oorun má kun àwa òbí ni pé a ò mọ ibi tí ẹ wà àti ẹni tí ẹ wà pẹ̀lú. Jọ̀ọ́, má fi í pa mọ́ fún wọn.

Ọmọ_MSSN

Mi ò mọ ẹ̀sìn tí o ń ṣe, ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ti ìjọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa. Bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, má wò káàkiri jìnnà. MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ti wà ní Nàìjíríà láti 1954, ibikíbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí bá sì wà nílẹ̀ yìí, o máa rí wọn. Lọ kírun Jímọ̀ nínú ọgbà, kí o sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìrun dípò kí o sá lọ. Sọ fún àwọn arákùnrin pé tuntun ni ọ́, pé Aule lò ń gbé. Wọn á sọ fún ọ ẹni tó ń gbé nítòsí rẹ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Dúró de Ramadan kí o wò ó. Àwọn tó ń ṣètò ìṣínu máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán: àwọn kan ń fọ abọ́, àwọn kan ń ka dàbínù sínú ọ̀rá kéékèèké, àwọn kan ń rọ ògì. Bí ọmọ ọdún kìíní bá bá wọn ṣe é tinútinú, kí ààwẹ̀ tó parí, ó ti di ọmọ ilé.

Mo_Ń_Lé_4.50

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un, torí mo rí àwọn tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló gbé wọn lọ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ jáde ní ipò kìíní (first class) gbọ́dọ̀ ní àpapọ̀ máàkì (CGPA) 4.50 ó kéré tán, èsì ọdún kìíní sì wà nínú ìṣirò náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọdún mẹ́rin yòókù ló máa fi gun òkè padà.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjì ti tó ọmọ ọdún kìíní. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀kọ́ rẹ. Ìwọ tí o wà ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, NUESA, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti gbà ọ́ wọlé láìjẹ́ pé o bẹ̀bẹ̀, ẹgbẹ́ ẹ̀ka rẹ náà wà ńbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni o ti máa rí ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ àti ẹni tó máa là ọ́ lójú lórí àwọn kóòsì. Kí ìkejì jẹ́ èyí tí ọkàn rẹ fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ fà ọ́ sí ìkẹta, sọ fún un pé o máa wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ipò olóyè pàápàá, jẹ́ kó di ọdún kejì tàbí ìkẹta. Iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ọdún_Karùn-ún

Ọ̀rọ̀ rẹ dáa. Iṣẹ́ ni mo ní kó bèèrè, mi ò ní kó lọ gba oyè. Kíkó àga máa ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó o. Oyè máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé.

Bàbá_Onílé_Àpátapìtì

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Onílé ni mí ní Àpátapìtì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Ọmọ yìí bèèrè èyí tó yẹ kó sá fún, ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí ọ̀rọ̀ náà ń dun èmi tí mo ń rí ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ọmọ tó dá wà ni wọ́n máa ń wò lójú, ọmọ tí kò lẹ́bí nílùú, tí kò sí ẹni tó máa wá a bí ó bá pẹ́ níta. Ẹnì kan á déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀yàyà sí i. Á ra oúnjẹ fún un. Á yá a lówó, kò sì ní bi í ìgbà tó máa san án. Á ní bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ lẹ́nu nílé-ìwé yìí, kó sọ fún òun. Ó máa pẹ́ díẹ̀, á wá ní àwọn kan fẹ́ ṣe fàájì lálẹ́ ọjọ́ báyìí, àmọ́ kò ní sọ ojú ibi tó jẹ́, á sì ní kó má sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé "má sọ fún ẹnikẹ́ni", kúrò níbẹ̀. Má dúró bi wọ́n ní ìdí.

Ẹgbẹ́ tó mọ́ máa ń ní orúkọ lọ́dọ̀ ilé-ìwé, ó máa ń ní olùkọ́ kan tó ń bá wọn dámọ̀ràn, o sì lè mú ìyá rẹ lọ síbi ìpàdé wọn. Bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o wá wọ ẹgbẹ́ òun, kí o sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn. Ẹ má gbàgbé pé ẹ búra lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín wọlé pé ẹ ò ní wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Bí wọ́n bá sì ti ń halẹ̀ mọ́ ọ, má dá ẹrù náà rù. Sọ fún òbí rẹ lọ́jọ́ náà, lọ sí ọ́fíìsì Student Affairs, sọ fún onílé rẹ. Bí ó bá gbà pé kí o lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, lọ. A lè bẹ olùkọ́ fún ìdánwò tó kọjá.

Mo tún fẹ́ kí o wá ẹnì kan nínú ilé tí ò ń gbé tó máa mọ ìgbà tí o jáde àti ìgbà tí o wọlé. Bí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀, fi ìkòkò rẹ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan nílé mi máa ń sè ní alẹ́ Sọ́ńdè, á sì kan ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní ìtòsí rẹ̀ pé kí wọ́n wá jẹun. Báyìí gbogbo ilé ló ń dá owó ọbẹ̀ jọ.

Jámbáìtì_Aule

Ẹ ṣé gan-an ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá, ẹ ṣé, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Mo tún ní ìbéèrè méjì. Àwọn Kegite tí mo máa ń rí tí wọ́n ń lùlù, ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n? Èkejì, ojú máa ń tì mí. Kódà kí n kí ẹni tó jókòó tì mí máa ń nira fún mi.

Ẹ̀gbọ́n_Ọdún_Karùn-ún

Kegite kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Gbangba ni wọ́n ti ń lùlù, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń mu ẹmu nínú igbá. Àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń gbé ga, yunifásítì púpọ̀ nílẹ̀ yìí ni wọ́n sì wà. Bí ẹ̀sìn rẹ tàbí ara rẹ kò bá gba ẹmu, dúró lókèèrè, wo ijó wọn, kí o sì máa lọ.

Akọ̀ròyìn_Ọgbà

Jẹ́ kí n gba ti ojú títì. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ẹgbẹ́ oníròyìn. Nígbà tí wọ́n bá rán ọ lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, iṣẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. O ní ìwé lọ́wọ́, o ní ìbéèrè tí o ti kọ sílẹ̀, ẹni náà sì mọ ìdí tí o fi dúró níwájú òun. Ọ̀rọ̀ omi tí kò wá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Mo ní láti kan ilẹ̀kùn yàrá kan sí èkejì. Ní yàrá kẹta, ìbẹ̀rù náà ti ń lọ, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n jókòó, wọ́n fún mi ní gààrí mu.

Bí ìròyìn kò bá wù ọ́, Red Cross ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Ibẹ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Eléré ìdárayá ńkọ́? Lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kì í bi ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

Ti ẹni tó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì, má wá ọ̀rọ̀ ńlá sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn yẹn?" Ó tó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá ibi tó jókòó sí kí o sì tún jókòó síbẹ̀. Bí kíláàsì bá pọ̀, máa jókòó sí apá kan náà lójoojúmọ́, torí pé àwọn mìíràn náà ní ibi tí wọ́n yàn láàyò. Àwọn ojú kan náà ni wàá máa rí, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni á ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ kan fún wa: bí ẹ bá lọ TDB, ìyẹn ìwé tí a máa ń kà mọ́jú, ẹ jọ lọ, ẹ jọ bọ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹni bá yín rìn padà lóru, ẹ dúró síbi ìkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ẹ ò mọ̀ dáadáa sìn yín délé.

Olówó_Orí

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ owó. Fàájì nínú ọgbà ń náni lówó: owó ẹgbẹ́, T-shirt ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka, owó àsè alẹ́, aṣọ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn rán. Ẹ má yá owó nítorí èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn kan ń fi ₦20,000 tí NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń san lóṣooṣù ra aṣọ àsè. Ẹ rántí pé ẹ̀yáwó ni owó yẹn, ẹ máa san án padà bí ẹ bá ti ríṣẹ́. Oúnjẹ, ìwé àti owó ọkọ̀ ló wà fún.

Bí o bá fẹ́ rí àsè láìsan gbogbo owó rẹ̀, padà sí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè. Wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló máa ń gba àwọn tó ṣiṣẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n bù ú kù fún wọn. Ọmọ ọdún kìíní tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ìpolówó lórí fóònù, àwárí ni wọ́n ń wá a.

Ọmọ_Òkè-Àró

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé ni mo ti ń lọ sí kíláàsì. Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá láti òkèèrè: ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọgbà nìkan lẹ mọ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba ìwé ẹ̀rí tán tí wọn ò mọ ju North Gate, South Gate àti Road Block lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní ọ̀sán Sátidé, ẹ rìn kọjá ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ẹ ra ata àti tòmátì níbẹ̀, ó sábà máa ń dínwó ju ti ẹnu géètì. Bí Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹ kó ara yín jọ lọ wò wọ́n. Ẹni tí ẹ bá jọ pariwo nígbà tí gòólù wọlé, ẹ ò ní ṣe àjèjì síra yín mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bí kíláàsì yín bá fẹ́ ṣe nǹkan pọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, Òkè Ìdànrè ni kí ẹ lọ. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá.

Jámbáìtì_Aule

Ẹ̀gbọ́n, ti Ìdànrè yìí wù mí gan-an. Màá sọ ọ́ fún aṣojú kíláàsì wa, màá sì sọ fún un pé èmi máa gba orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ. Kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó lọ?

Ọmọ_Ìdànrè

Ẹ káàbọ̀ sílé wa. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ múra sí: àtẹ̀gùn tí ẹ máa gùn lé ní ẹgbẹ̀ta, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òkè. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ lò wọ́n, ẹ má bá ara yín díje. Lókè ni ìlú àwọn baba wa wà títí di 1923 tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí a wà báyìí, nítorí náà ẹ máa rí ààfin àtijọ́ àti ojú ẹsẹ̀ tí ìtàn ní ó jẹ́ ti Àgbọ̀ọ̀gùn. Ẹ gba amọ̀nà kan láti ìsàlẹ̀, kí ó lè máa sọ ìtàn ibi kọ̀ọ̀kan fún yín.

Ẹ gbéra ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sálúbàtà. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀. Owó ìwọlé wà, nítorí náà kí ẹni tó ń gba orúkọ gba owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹni tó san án. Ẹ bá awakọ̀ kan ṣe àdéhùn àlọ àtàbọ̀, ẹ san ìdajì fún un, kí ìdajì tó kù di ìgbà tí ẹ bá padà dé Àkúrẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lóru ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ sún un síwájú, àpáta yẹn máa ń yọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbí bí ọjọ́ bá ti pé, màá bá yín wá amọ̀nà.